Bí a ṣe ń lé iná kúrò lára alángbá ọ̀sìn

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Láti ìgbà tí ọmọ mi obìnrin ti ń sin alángbá nílé wa ní Igbogbo, ní Ìkòròdú, ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán. Ajá tí eégbọn bá ń jẹ á máa họra kiri ilé. Adìẹ tó ń sàba, tí iná bá bò ó, á dìde fi ẹyin sílẹ̀. Alángbá kì í ké, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ họra. Á kàn danú délẹ̀ bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, iná á sì máa mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ tí a sìn kú sí mi lọ́wọ́. Mo rí ohun pupa wínníwínní lábẹ́ ọrùn rẹ̀, àyà mi já, mo ra òtápíápíá, mo fọ́n ọn sí gbogbo igun kéèjì, mo sì dá alángbá padà síbẹ̀ nígbà tí mo rò pé ó ti gbẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le, kò sì rí ọ̀sán ọjọ́ náà. Iná kọ́ ló pa á, èmi ni mo pa á. Èyí tí a ń sìn báyìí, tí ọmọ mi sọ ní Pupayẹmí nítorí orí rẹ̀, kó iná ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì yè é. Bí a ṣe ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, fún ẹni tó bá ń sin alángbá orí ògiri wa, ọmọńlé, tàbí alángbá òkè òkun tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń rà báyìí.

Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, kí oòrùn tó mú. Alángbá kò ní ooru ara tirẹ̀ bíi tiwa, oòrùn ló ń yá a lára, nítorí náà kì í lè sáré púpọ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e láti abẹ́ àyà, kí ọwọ́ kejì sì dì í mú jẹ́jẹ́ ní èjìká. Ẹ má di ìrù rẹ̀ mú. Ìrù alángbá lè já, ti ọmọńlé tilẹ̀ máa ń já kíá.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kí ẹ wo abẹ́ ọrùn níbi tí awọ ti ṣẹ́po, abíyá, ibi tí itan ti pàdé ikùn, àárín àwọn ọmọ ìka, etí ihò etí, ìpéǹpéjú, ìdí ìrù, àti yíká ihò ìdí. Bí ojú yín kò bá ríran dáadáa mọ́, bíi tèmi, ẹ fi fóònù ya àwòrán ibẹ̀, kí ẹ wá fẹ àwòrán náà. Ohun tí ojú lásán kò rí ní abíyá Pupayẹmí, àwòrán ló fi hàn mí.

Ẹ fi tíṣù funfun tó tutù díẹ̀ nu ara rẹ̀ láti orí dé ìrù. Bí àmì ẹ̀jẹ̀ tàbí àwọn ẹyọ dúdú wẹ́wẹ́ bá wà lára tíṣù, iná ni. Ẹ wo abọ́ omi rẹ̀ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú: iná tó bá jábọ́ sínú omi máa ń kú síbẹ̀, á wá dà bí ìyẹ̀fun ata dúdú nísàlẹ̀ abọ́. Àmì mìíràn ni nǹkan funfun bí eérú lára ìpẹ́ rẹ̀, ìgbẹ́ iná nìyẹn. Alángbá tí kì í wọnú omi tẹ́lẹ̀, tó wá ń dùbúlẹ̀ sínú abọ́ omi láti òwúrọ̀ dalẹ́, ara ń yún un.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ń bó lára rẹ̀ ló jẹ́ iná o. Alángbá máa ń bọ́ awọ, awọ náà á máa ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí awọ náà bá ń bọ́ ní àbọ̀ àbọ̀, tó ń há mọ́ ọmọ ìka àti ìdí ìrù, ẹ fura sí iná.

Àwọ̀ iná ló ń sọ ibi tí ogun wà

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́ nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ. Iná ò rí bákan náà, ilé wọn náà kì í sì í ṣe ibì kan náà.

Iná pupa tàbí èyí tó ní àwọ̀ ọsàn, tó fún ara rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ìpẹ́, tí kò sì ń rìn bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, ni a máa ń bá lára alángbá tó ti orí ògiri wá. Ara alángbá gan-an ló ń gbé. Mélòó kan lára alángbá tó ń jẹun dáadáa, tó ń mi orí, tí orí rẹ̀ sì pọ́n, kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ dààmú. Ọ̀pọ̀ alángbá tó ń sáré lórí fẹ́ǹsì wa ló ní i lára tó sì ń gbé ayé rẹ̀. Ìgbà tó bá di ìṣùpọ̀ ìṣùpọ̀ ni kí ẹ dìde sí i.

Òmíràn tún wà tó pupa bẹ́ẹ̀, ọmọ iná tó ń gbé inú koríko àti ilẹ̀ ni. Á gun alángbá, á jẹun fún ọjọ́ díẹ̀, á sì jábọ́ padà sínú ilẹ̀ lọ dàgbà. Bí ẹ bá ń fa koríko tútù sínú kéèjì, tàbí ẹ ń kó iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé síbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń gbé e wọlé.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ búráùn, tó tóbi tó orí abẹ́rẹ́ alórí, tó sì ń sáré bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Òun la mọ̀ mọ́ ejò, ṣùgbọ́n ó ń jẹ alángbá pẹ̀lú, ẹran tí a rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló sì máa ń gbé e wá. Èyí ló burú jù. Bó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ yé ẹyin sínú ihò pákó, sábẹ́ òkúta, sí igun kéèjì. Abo kan lè yé 60 sí 80 ẹyin nígbà ayé rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 1 sí 4 ni ẹyin ń pa, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ọmọ ti di àgbà, àgbà sì lè wà láìjẹun fún oṣù kan. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tó ń mu, ó lè gbé àìsàn láti ara ẹran kan dé ara èkejì.

Ẹ rí i pé ẹni tó bá wẹ alángbá títí, tó dá a padà sínú kéèjì tí kò fọ̀, ó kàn bu omi sínú agbọ̀n ni. Nígbà tí mo bá ní kí ẹ lo wákàtí kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lo ìṣẹ́jú 15 lórí alángbá, kí ẹ lo ìyókù lórí ilé rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní: ẹ yọ ọ́ kúrò nílé rẹ̀

Ẹ wá abọ́ oníke ńlá tó ní ìdérí, tí ògiri rẹ̀ dán, kí ẹ lu ihò kéékèèké sí ìdérí. Ẹ tẹ́ tíṣù funfun sínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí igi, kò gbọdọ̀ sí iyẹ̀pẹ̀, abọ́ omi kékeré nìkan. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má gbé abọ́ oníke tàbí ti díńgí sínú oòrùn, ooru á sé mọ́ ọn nínú, á sì kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó yá oòrùn, inú kéèjì aláwọ̀n ni, ìdajì rẹ̀ nínú òjìji.

Ẹ gbé abọ́ náà sórí tábìlì tàbí àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo mílíìkì tí ẹ bu omi ọṣẹ sí. Àwọn ìyá wa mọ ọgbọ́n yìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá èèrà dúró kó má dé ibi tí ẹran ọbẹ̀ wà. Iná tó bá ń bọ̀ tàbí tó ń lọ, inú agolo ni yóò parí ìrìn rẹ̀ sí. Ẹ ṣọ́ ọ kí tábìlì má fara kan ògiri.

Ẹ pààrọ̀ tíṣù náà lójoojúmọ́. Ẹ ká a sínú ọ̀rá, ẹ di ọ̀rá náà, ẹ gbé e jáde nílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìwẹ̀

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bí èyí tí a fi ń wẹ ọmọ ọwọ́. Ẹ fi ìgunpá dán an wò bí ẹ ṣe ń dán ti ọmọ wò. Kó má jìn ju èjìká alángbá lọ, kó lè gbé orí sókè láìwẹ̀. Kò sí ọṣẹ, kò sí Dettol, kò sí ohunkóhun nínú omi náà. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó. Ẹ má kúrò níbẹ̀ lọ dáhùn ìpè.

Bí omi bá ti bo ara, iná dúdú á máa sá lọ sí orí. Ẹ fi òwú tútù nu orí náà láti imú lọ sẹ́yìn, ẹ fọ òwú dànù, ẹ mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ún gbẹ.

Iná pupa kò ní tìtorí omi kúrò. Fún èyí, ẹ fi igi olówùú tí a fi ń nu etí kan òróró díẹ̀, òróró ìsebẹ̀ lásán tàbí ti ólífì, kí ẹ fi kan orí ìṣùpọ̀ iná náà. Òróró á dí ibi tó ń gbà mí. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí irun rẹ̀ rọ̀, ẹ gbọn án kúrò jẹ́jẹ́, láti orí lọ sí ìrù, bí ìpẹ́ ṣe tò. Ẹ fi omi wọ́ọ́rọ́ nu òróró tó ṣẹ́kù. Òróró kò gbọdọ̀ wọ imú, kò gbọdọ̀ wọ etí, kò gbọdọ̀ kan ojú. Ní ìpéǹpéjú, omi nìkan.

Ẹ má fi èékánná já a bí ẹni já eégbọn lára ajá. Ẹnu rẹ̀ á ṣẹ́kù sínú awọ, ibẹ̀ á sì di egbò. Bí egbò bá ti wà, ẹ po povidone-iodine, oògùn tí a fi ń nu egbò, mọ́ omi títí tó fi dà bí tíì tí kò ní mílíìkì, kí ẹ fi òwú kàn án níbẹ̀.

Ẹ má fẹ́ parí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹran kékeré tí ẹ̀dá ńlá dì mú, tó ń fọ̀ ọ́, ìbẹ̀rù nìkan lè pa á. Bí ìṣẹ́jú 15 bá pé, ẹ gbé e padà, kí ẹ jẹ́ kó sinmi dé ọ̀tunla.

Ogun gidi: inú kéèjì

Ọjọ́ kìíní náà ni kí ẹ ṣe èyí, ẹ má fi dọ̀la. Ẹ gbé kéèjì síta. Iyẹ̀pẹ̀, ewé, èèpo igi, koríko, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kó sínú ọ̀rá, kí ẹ dì í lójú méjì, kí ẹ sì fún àwọn akólẹ̀. Ẹ má dà á sẹ́yìn ilé.

Igi tó ń gùn: bó bá kéré, ẹ sè é. Bó bá tóbi ju ìkòkò lọ, ẹ dáná sun ún, igi kò wọ́n ní Ìkòròdú. Òkúta: ẹ kó o sínú omi tútù, kí ẹ wá gbé e kaná, kó hó fún ìdajì wákàtí. Ẹ má ju òkúta tútù sínú iná, ó lè bú.

Kéèjì fúnra rẹ̀: omi gbígbóná àti ọṣẹ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wọ gbogbo igun, ojú ìṣó, abẹ́ ìdérí, ojú àgbékọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Hypo, ìwọ̀n kan Hypo sí mẹ́sàn-án omi, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá fi omi ṣan án títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Hypo ń pa àìsàn, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ló ń pa iná àti ẹyin rẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹ má sì po Hypo mọ́ oògùn ìfọlé kankan, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró èèyàn jẹ́. Kí kéèjì wá lo odidi ọjọ́ kan nínú oòrùn.

Kéèjì pákó ló nira jù. Ibi tí pákó méjì bá ti pàdé, iná ti kọ́lé síbẹ̀. Tí kéèjì yín bá jẹ́ pákó tó ti gbó, tí ojú rẹ̀ ti là, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ jẹ́ kó lọ. Ìyẹn ni mo ṣe. Káfíńtà àdúgbò wa kan òmíràn pẹ̀lú àwọ̀n wáyà, ó fi gúlúù dí gbogbo ojú ìsopọ̀, ó sì fi ọ̀dà kùn ún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi í sínú atẹ́gùn kí òórùn ọ̀dà tó tán pátápátá.

Odidi ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn náà, ìwé ìròyìn tàbí tíṣù funfun nìkan ni kó wà nínú kéèjì, abọ́ omi kan, àti igi kan tí ẹ ti sè. Mo mọ̀ pé ilé náà á rí bákan, ọmọ mi náà ṣàròyé gidigidi. Ṣùgbọ́n ibi tí kò bá ti sí ibi ìfarapamọ́, iná kò ní ibi tí yóò yé ẹyin sí.

Ohun tí kò gbọdọ̀ kàn án

Sniper àti òtápíápíá: oògùn tó ń ba iṣan ara jẹ́ ni, ó ń di afẹ́fẹ́, alángbá á mí i símú, á sì fi ahọ́n lá a lára pákó. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC gbé ìgbésẹ̀ lórí ìgò kékeré Sniper, ti mílílítà 100, nítorí bó ṣe ń pa èèyàn. Ohun tó ń pa èèyàn, kí ló máa ṣẹ́kù lára ẹran tí kò wúwo tó ẹyin adìẹ méjì?

Izal àti irú rẹ̀ tó ń di funfun nínú omi, májèlé ni fún gbogbo ẹran afàyàfà. Kẹrosíìnì ń bó awọ. Káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìyẹ̀fun ajá tí wọ́n fi ń pa eégbọn, a ṣe é fún ẹran onírun tó wúwo. Eérú tí a ń dà sílé adìẹ ń ta á lójú, ó sì ń gbẹ ẹ́ lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìyànjú ọ̀kankan.

Abẹ́rẹ́ Ivermectin: iṣẹ́ dókítà ẹran ni

Ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn adìẹ àti ewúrẹ́ ní Ìkòròdú lẹ ti lè rí Ivermectin rà, ẹni tó ń tà á á sì sọ fún yín pé ó ń pa gbogbo iná. Òótọ́ ni, ó ń pa á. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn dókítà sábà máa ń lò fún alángbá ni mílígíráàmù 0.2 sí kílò kan ara ẹran. Alángbá tó wọn gíráàmù 60 fẹ́ mílígíráàmù 0.012. Oògùn inú ìgò ṣọ́ọ̀bù jẹ́ mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan. Nítorí náà ohun tó yẹ kó wọ ara rẹ̀ ni mílílítà 0.0012. Ìlà tó kéré jù lára sírínjì onímílílítà kan ni 0.01. Ìlà kan ṣoṣo yẹn, ìlọ́po mẹ́jọ ohun tó yẹ ni. Kò sí ọwọ́ tó lè wọ̀n ọ́n nílé. Dókítà ló mọ bí yóò ṣe là á, tí yóò sì tún un fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹni tó bá ń sin ìjàpá pẹ̀lú alángbá, ẹ gbọ́ èyí: Ivermectin ń pa ìjàpá. Kódà kí dókítà fọ́n ọn sí alángbá yín, kí ìjàpá má sún mọ́ ọn.

Bí ẹnu alángbá bá ti funfun nínú, tí ojú rẹ̀ wọnú, tó ń la ẹnu sílẹ̀ láìsí oòrùn, tí kò lè gbé ara rẹ̀ dìde, tàbí tí kò jẹun fún ọjọ́ 5, ẹ má dúró de ìwẹ̀ míì. Ọ̀pọ̀ dókítà ẹran tó wà nítòsí wa, adìẹ àti ajá ni iṣẹ́ wọn, nítorí náà ẹ bi wọ́n léèrè tẹ̀yẹ tẹ̀yẹ bóyá wọ́n ti tọ́jú ẹran afàyàfà rí. Bí wọn ò bá tíì ṣe é, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB ní Abẹ́òkúta wà, ọ̀nà Ṣàgámù ni mo máa ń gbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìwẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, tíṣù tuntun lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ kéèjì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹyin tó bọ́ lọ́wọ́ ìfọ̀ àkọ́kọ́ á ti pa, ẹ ó tún rí iná, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀rètí nù, tí wọ́n sì ń nawọ́ sí Sniper. Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà, ìwẹ̀ àti ìfọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó.

Ẹ bọ́ ọ dáadáa ní gbogbo àsìkò yìí nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti pàdánù: ìrẹ̀, tata, ikán. Ẹ má kó kòkòrò láti oko tí wọ́n ti fọ́n oògùn. Omi mímọ́ lójoojúmọ́, oòrùn òwúrọ̀ bí wákàtí kan.

Ẹ̀yin náà, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn gbogbo ìfọwọ́kàn, nítorí alángbá lè gbé Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, kó máa wò ó láti òkèèrè. Iná dúdú máa ń ta èèyàn nígbà míì, ara á kàn yún ni, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí ẹ wọ̀.

Bí tíṣù funfun àti abọ́ omi bá mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ lè dá iyẹ̀pẹ̀ padà. Ẹ kọ́kọ́ yan án nínú agbada bí ẹni yan gààrí, títí kò fi ní sí ẹyọ ọ̀rinrin kan nínú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ gbé kéèjì jìnnà sí fẹ́ǹsì, torí alángbá ìta á máa wá bá tiyín ṣeré lójú àwọ̀n. Alángbá tuntun tó bá wọlé, kó dá gbé nínú abọ́ onítíṣù fún 60 ọjọ́, ní yàrá ọ̀tọ̀, kí ẹ sì tọ́jú èyí tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ tuntun náà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún ni Pupayẹmí tún mi orí fún ọmọ mi. Agolo mẹ́rin yẹn ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀, àárọ̀ Sátidé la máa ń pààrọ̀ omi ọṣẹ inú wọn.